Fóòlìtì, Áńpíà, Óòmù àti Wáàtì: Bí A Ti Ń Ṣírò Iná Mànàmáná Tí À Ń Lò

Bí ẹ bá yí ìsàlẹ̀ áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́tùlù oníná yín sókè, ẹ óò rí àkọlé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Iye fóòlìtì wà níbẹ̀, iye wáàtì wà níbẹ̀, nígbà mìíràn iye áńpíà náà a máa wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ka àkọlé yìí láti ọjọ́ tí a ti ra nǹkan náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni inú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ni ìdáhùn wà sí ọ̀pọ̀ ìbéèrè tí ń dé iwájú ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ àti ìgbìmọ̀ ìṣúná. Irú ẹ̀rọ amúnáwá wo ni kí a rà? Kí ló dé tí wáyà ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ fi ń gbóná? Kí ló ń jẹ owó iná wa tán kí oṣù tó parí? Àti èyí tí ó wúwo jù lọ: ǹjẹ́ ó léwu kí òjíṣẹ́ Ọlọ́run di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú nínú omi ìrìbọmi?

Ìṣirò tí a nílò kò ju ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ìsọdipúpọ̀ àti pínpín ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó sábà máa ń dẹ́rù ba ènìyàn ni àwọn orúkọ náà, nítorí pé wọ́n ṣàjèjì sí etí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí, ìṣirò yóò tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́.

Omi inú táńkì ni àpẹẹrẹ tí ó rọrùn jù. Bí a bá gbé táńkì lé orí òpó gíga, omi yóò máa rọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ pẹ̀lú ipá. Bí a bá gbé e sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, omi náà yóò kàn máa ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Ipá tí gíga táńkì fún omi yìí ni a lè fi wé fóòlìtì. Iye omi tí ń gba inú páìpù kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni ìṣàn, òun ni a sì fi wé áńpíà. Páìpù tín-ín-rín kì í jẹ́ kí omi kọjá bí ó ṣe fẹ́, páìpù fífẹ̀ a sì máa yọ̀ǹda rẹ̀; ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀ nínú wáyà ni a ń fi óòmù wọ̀n. Bí a bá wá gbé kẹ̀kẹ́ kan síwájú omi náà kí ó máa yí i, bí omi ti ń yí i tó ni agbára tí ó ní, agbára yìí ni a sì ń fi wáàtì wọ̀n. Ẹ kíyè sí i pé agbára kò sinmi lórí ipá nìkan tàbí ìṣàn nìkan. Omi púpọ̀ tí kò ní ipá kò lè yí kẹ̀kẹ́. Ipá ńlá tí omi rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán méjì péré kò lè yí i pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì ní láti pàdé.

Orúkọ ènìyàn ni orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Alessandro Volta, ará Ítálì, ni ó ṣe bátìrì àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1800. André-Marie Ampère jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ṣe ìwádìí lórí bí ìṣàn iná ti ń bá òòfà lò. James Watt, ọmọ Sìkọ́tílándì, kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ iná rárá. Ẹ̀rọ tí ooru omi ń yí ni ó tún ṣe, òun ni ó sì ń fi agbára ẹṣin díwọ̀n ẹ̀rọ rẹ̀ kí àwọn oníbàárà lè mọ iye ẹṣin tí yóò rọ́pò. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni HP tí à ń rí lára ẹ̀rọ tí ń fa omi láti inú kànga ti wá: HP kan jẹ́ wáàtì 746.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ wa kàn jù nínú wọn ni Georg Simon Ohm, tí wọ́n bí ní ìlú Erlangen ní Jámánì ní ọdún 1789. Alágbẹ̀dẹ tí ń ṣe àgádágodo ni bàbá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíráma àwọn Jesuit ní ìlú Cologne, ibẹ̀ ni ó sì ti ń fi wáyà oríṣiríṣi ṣe ìdánwò. Ní ọdún 1827 ó tẹ ìwé kan jáde lórí ohun tí ó rí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ rẹ̀ kò kà á sí, ó sì fi iṣẹ́ olùkọ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn. Ọdún 1841 ni Royal Society ti London tó fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley, èyí tí ó ga jù lọ lọ́dọ̀ wọn. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Munich ní ọdún 1852, ó sì kú ní ọdún 1854. Ọdún méjì péré ni ó fi jókòó lórí àga tí ó ti ń wá láti ìgbà èwe rẹ̀.

Ohun tí olùkọ́ yìí rí nìyí: lára wáyà kan náà, bí ipá bá di ìlọ́po méjì, ìṣàn náà yóò di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, bí a bá fi ìṣàn pín ipá, nọ́ńbà kan náà ni a óò máa rí nígbà gbogbo, nọ́ńbà náà sì ni ìdíwọ́ wáyà yẹn. Àwọn oníṣẹ́ iná ń fi lẹ́tà V dúró fún ipá, I fún ìṣàn, R fún ìdíwọ́, P fún agbára. Wọ́n sì ń kọ ìṣirò náà báyìí:

R = V ÷ I

P = V × I

Ẹ jẹ́ kí a mú áyọ́ọ̀nù kan. Oníṣẹ́ iná fi mítà rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó rí i pé iná tí ó wọlé jẹ́ fóòlìtì 230, ìṣàn tí ó gba inú rẹ̀ sì jẹ́ áńpíà 5. Fi 5 pín 230, ó di 46. Ìdíwọ́ áyọ́ọ̀nù náà jẹ́ óòmù 46. Fi 5 sọ 230 di púpọ̀, ó di 1,150. Wáàtì 1,150 ni agbára tí ó ń lò. Ìṣirò ti parí.

Nínú ilé, ọ̀nà kejì ni a sábà máa ń gbà, nítorí pé fóòlìtì àti wáàtì ni wọ́n ń kọ sára ohun èlò. Bí kẹ́tùlù bá jẹ́ wáàtì 2,300 lórí iná fóòlìtì 230, ẹ fi 230 pín 2,300, ìṣàn rẹ̀ jẹ́ áńpíà 10. Láti ibẹ̀, ẹ fi 10 pín 230, ìdíwọ́ rẹ̀ jẹ́ óòmù 23. Ẹ wò ó pé kẹ́tùlù tí ó lágbára ju áyọ́ọ̀nù lọ ní ìlọ́po méjì ni ìdíwọ́ rẹ̀ kéré sí ti áyọ́ọ̀nù. Àwọn ènìyàn a máa rò pé ohun tí ó ń gbóná jù ni ó ní ìdíwọ́ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tí ó ṣí jù ni iná púpọ̀ ń gbà wọlé.

Ìgbà tí iná kò bá kún

Fóòlìtì 230 ni òṣùwọ̀n tí a gbé iná ilé kalẹ̀ lé ní Nàìjíríà. Ohun tí ń dé ilé wa jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí iná bá wálẹ̀ sí fóòlìtì 150 ní ìrọ̀lẹ́, báwo ni áyọ́ọ̀nù tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ti ṣe? Ìdíwọ́ rẹ̀ kò yí padà, óòmù 46 náà ni. Fi 46 pín 150, ìṣàn di áńpíà 3.26. Fi èyí sọ 150 di púpọ̀, agbára di wáàtì 489. Ipá iná dín kù sí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n agbára áyọ́ọ̀nù kò tó ìdajì mọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ènìyàn fi ń lọ aṣọ kan fún wákàtí kan tí ìwọ́n rẹ̀ kò lọ: ipá dín kù, ìṣàn náà dín kù tẹ̀ lé e, agbára sì ń gba ẹ̀dín lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ ní ìdàkejì, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Àwọn ará wa tí ń gbé ní òkè òkun a máa kó ẹrù ránṣẹ́ sílé. Èyí tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá kò ní wàhálà, nítorí fóòlìtì 230 ni tiwọn náà. Ṣùgbọ́n fóòlìtì 120 ni iná ilé ní Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé kẹ́tùlù kan ti Texas dé, tí wọ́n kọ fóòlìtì 120 àti wáàtì 1,200 sí i lára. Ìṣàn rẹ̀ ní ilé rẹ̀ jẹ́ áńpíà 10, ìdíwọ́ rẹ̀ jẹ́ óòmù 12. Bí a bá wá kì í bọ iná fóòlìtì 230, fi 12 pín 230, ìṣàn di áńpíà 19. Agbára rẹ̀ di wáàtì 4,400 àti díẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe láti gbé ẹrù kan ni a gbé ẹrù mẹ́ta àti ààbọ̀ àti díẹ̀ lé lórí. Irin ìgbónáa rẹ̀ yóò jó, bí kò bá sì sí fíúùsì tí ó péye, ó lè má mọ síbẹ̀. Bí a bá gbé kẹ́tùlù wa tí ó jẹ́ óòmù 23 lọ sí Amẹ́ríkà, wáàtì 626 péré ni yóò ní níbẹ̀. Kò ní bàjẹ́. Omi tíì yóò kàn pẹ́ kí ó tó hó ni.

Àwọn ohun tí ń fi iná kún fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká yàtọ̀. Bí ẹ bá rí 100–240 lára wọn, ibi gbogbo ni wọ́n lè ṣiṣẹ́. Fún ohun tí ń gbóná tàbí tí ń yí tí ó jẹ́ 120 nìkan, tiráńsífọ́mà tí ń sọ iná kalẹ̀ ni a ní láti rà, wáàtì tí a kọ sára tiráńsífọ́mà náà sì gbọ́dọ̀ ju ti ohun èlò náà lọ.

Mo ní láti sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má ba à ṣì mí gbọ́: ìṣirò Ohm bá áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù àti wáyà mu dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun gbogbo tí ń lo iná ni ìdíwọ́ rẹ̀ dúró lójú kan. Gílóòbù àtijọ́ tí ń tàn pupa jẹ́ àpẹẹrẹ. Èyí tí ó jẹ́ wáàtì 60 ní ìdíwọ́ tó óòmù 880 nígbà tí ó bá ń tàn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ̀n ọ́n ní tútù, ẹ óò bá a ní ìwọ̀n ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí, tàbí kí ó tilẹ̀ dín. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án ni ó sábà máa ń fọ́: nínú ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn ìdíwọ́ rẹ̀ kéré, iná sì rọ́ wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń yí, bí ẹ̀rọ amómitutù àti ẹ̀rọ tí ń fa omi, ní àdììtú tirẹ̀. Bí iná kò bá kún, kì í fi sùúrù gba díẹ̀ bí áyọ́ọ̀nù ti ń ṣe. Ó lè kùnà láti yí, kí ó máa fa ìṣàn tí ó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí wáyà inú rẹ̀ sì jó. Ẹni tí ó bá ń pa ẹ̀rọ amómitutù nígbà tí iná bá lọ sílẹ̀ gan-an kì í ṣe ojo.

Ooru inú wáyà

Wáyà náà ní ìdíwọ́. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó wà, ibikíbi tí ìṣàn bá sì ti pàdé ìdíwọ́, ooru ni yóò jáde. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣírò ooru yìí ni kí a fi ìṣàn sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí a sì tún fi ìdíwọ́ sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, James Joule, ni ó fi ìdánwò fi èyí múlẹ̀ ní ọdún 1841. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa ni pé bí ìṣàn bá di ìlọ́po méjì, ooru kò di ìlọ́po méjì. Ó di ìlọ́po mẹ́rin.

Wáyà bàbà tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní 1.5, èyí tí wọ́n ń lò fún iná títàn, ní ìdíwọ́ tí ó tó óòmù 12 ní kìlómítà kan. Bí a bá fà á láti ibi tí mítà wà dé gbọ̀ngàn tí ó jìnnà tó mítà 40, iná yóò lọ, yóò sì bọ̀, nítorí náà mítà 80 ni wáyà náà jẹ́, ìdíwọ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó óòmù kan. Bí kẹ́tùlù áńpíà 10 bá wà ní òpin rẹ̀, fóòlìtì 10 ti ṣègbé sí ojú ọ̀nà, wáàtì 100 sì ti di ooru nínú ògiri. Bí ẹlòmíràn bá ki kẹ́tùlù kejì sí i, ìṣàn di áńpíà 20, ooru inú ògiri di wáàtì 400. Ìdí nìyí tí a fi ń lo wáyà 2.5 fún sókẹ́ẹ̀tì, tí a sì ń lo èyí tí ó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹ̀rọ amúlétutù. Wáyà tí ń bẹ lọ́jà kò tún jẹ́ bàbà pátápátá ní gbogbo ìgbà. Òmíràn jẹ́ álúmíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà pa ara rẹ̀. Ìdíwọ́ álúmíníọ́mù tó ìlọ́po 1.6 ti bàbà, nítorí náà wáyà bẹ́ẹ̀ yóò gbóná ju bí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára ti ń wí lọ. Ìgbìmọ̀ tí ó bá ra èyí tí ó pọ́ọ́kú jù ní ọjà kò tíì mọ iye tí ó san.

Ooru wáàtì 100 tí ó bá tàn ká mítà 80 lè má jó nǹkankan. Ibi tí iná ti ń bẹ̀rẹ̀ jù ni ojú ibi tí a ti so wáyà pọ̀. Bí ìsopọ̀ kan bá dẹ̀, tàbí tí ó dípẹtà, kí ìdíwọ́ ojú ibẹ̀ sì jẹ́ ìdajì óòmù, áńpíà 10 tí ń gba ibẹ̀ kọjá yóò mú wáàtì 50 jáde ní ojúkan tí kò ju orí ìka lọ. Bí ẹ bá ti rí irin tí àwọn tí ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ wáàtì 40 tàbí 60. Irin bẹ́ẹ̀ ni a ti tọ́jú sí ẹ̀yìn sókẹ́ẹ̀tì yẹn, ní àárín pákó àti aṣọ ìkélé. Ẹni tí ó bá rí i pé sókẹ́ẹ̀tì ń yí àwọ̀ sí pupa rẹ́súrẹ́sú, tàbí tí ó ń gbọ́ òórùn rọ́bà, kí ó pa iná láti orísun rẹ̀ kí ó tó pe oníṣẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi wáyà lásán rọ́pò fíúùsì. A fi fíúùsì síbẹ̀ kí ó lè jó ṣáájú ilé.

Nǹkan mìíràn ni wáyà gígùn tí a ká sára ìgò rẹ̀. Nígbà ìpàgọ́ àti ìsìn ìta gbangba, a máa ń tú mítà díẹ̀ nínú rẹ̀, kí a sì fi ìyókù sílẹ̀ bí ó ti wà. Ooru tí ó yẹ kí ó fẹ́ jáde ti há mọ́ ara rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni ó yẹ kí a tú bí ohun tí ń gba iná lára rẹ̀ bá wúwo.

Ẹ̀rọ amúnáwá, bátìrì àti mítà

Ìbéèrè irú ẹ̀rọ amúnáwá tí a óò rà ni ìṣirò yìí yanjú kíákíá jù. Ẹ ka wáàtì ohun gbogbo tí yóò ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ rò ó pọ̀. Ká ní fáànù 8 ni gbọ̀ngàn ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 75, wọ́n jẹ́ 600. Gílóòbù LED 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 10, wọ́n jẹ́ 200. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti àwọn agogo rẹ̀ jẹ́ 800. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì 1,600, tàbí áńpíà 7. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 5 KVA sí lára yóò gbé e láìmí. KVA kò jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú kílówáàtì gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń tà á ti máa ń wí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni a lè gbọ́kàn lé, ìyẹn wáàtì 4,000. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ki kẹ́tùlù 2,300 bọ̀ ọ́ nínú yàrá ẹ̀yìn, kí alábòójútó ilé sì tan ẹ̀rọ omi HP kan, tí ń fa ìṣàn ìlọ́po mélòó kan nígbà tí ó bá ń ta jí. Ẹ̀rọ amúnáwá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, ìwàásù a sì dúró. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Ẹrù ni ó wúwo.

Bátìrì tí ń bá ínfátà ṣiṣẹ́ kọ́ wa ní ìdí tí wáyà rẹ̀ fi nípọn tó bẹ́ẹ̀. Fáànù wáàtì 600 wọ̀nyẹn ń fa áńpíà 2.6 lórí iná fóòlìtì 230. Bí agbára kan náà bá ń ti ọ̀dọ̀ bátìrì fóòlìtì 12 jáde, fi 12 pín 600, ìṣàn rẹ̀ jẹ́ áńpíà 50, kí a má tíì ka ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Áńpíà 50 kì í gba inú wáyà gílóòbù kọjá láìsí wàhálà. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó bá fẹ́ gbé ẹrù wúwo fi ń to bátìrì mẹ́rin di fóòlìtì 48, kí ìṣàn lè wálẹ̀ sí 12.5. Bátìrì fóòlìtì 12 tí wọ́n kọ 200 Ah sí ní wáàtì 2,400 fún wákàtí kan nínú. Bí ó bá jẹ́ oní-òjé, ìdajì rẹ̀ ni ó bójú mu kí a lò kí ó tó pẹ́ láyé. Fún fáànù wa, wákàtí méjì nìyẹn.

Ní ti mítà àsansílẹ̀, yúníìtì kan ni wáàtì 1,000 fún wákàtí kan. Ìsìn wákàtí mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn tí a kà yìí jẹ́ yúníìtì 4.8. Fáànù mẹ́jọ tí a gbàgbé láti pa láti aago mẹ́jọ alẹ́ di aago mẹ́fà òwúrọ̀ jẹ́ yúníìtì 6, láìsí ẹnìkan tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Àwọn tí ó ṣì ń pè wọ́n ní NEPA, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti ọdún 2005, yóò rí i pé kì í ṣe gbogbo owó tí ń lọ ni ẹ̀bi wọn.

Ara ènìyàn náà ní óòmù

Mo fi èyí sí ìkẹyìn nítorí pé òun ni mo fẹ́ kí àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run rántí. Iná a máa gba ara ènìyàn kọjá gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gba wáyà kọjá, ìṣirò Ohm kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Awọ ara tí ó gbẹ ní ìdíwọ́ púpọ̀, ó lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún óòmù lọ́nà mẹ́wàá. Nígbà tí ara bá tutù, ìdíwọ́ rẹ̀ lè wálẹ̀ sí nǹkan bí óòmù 1,000. Fi 1,000 pín 230, ìṣàn jẹ́ áńpíà 0.23. Ó dàbí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n áńpíà 0.01 tó láti mú kí iṣan ọwọ́ sé mọ́ wáyà tí ènìyàn kò fi lè jù ú sílẹ̀, nǹkan bí 0.1 tí ó bá gba àyà kọjá sì lè da ìlù ọkàn rú kí ó sì pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tí a ṣírò yìí ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní ìlú Waco, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, dúró nínú omi ìrìbọmi níwájú ìjọ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti tún un gbé. Iná gbé e, ó sì kú. Ẹni ọdún 33 ni. Fóòlìtì 120 sì ni iná ibẹ̀. Tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì.

Nítorí náà, kí a má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wáyà rẹ̀ ń lọ sí ara iná dé ibi tí ọwọ́ ẹni tí ó wà nínú omi lè tó. Èyí tí kò ní wáyà, tí bátìrì kéékèèké méjì ń gbé, jẹ́ fóòlìtì 3 péré. Fi 1,000 pín 3, ìṣàn jẹ́ áńpíà 0.003, kò sì lè pa ènìyàn. Bí a bá ń fi ẹ̀rọ kan mú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, kí a yọ ọ́ kúrò lára sókẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni tó ki ẹsẹ̀ bọ omi. Pípa súwíìṣì rẹ̀ nìkan kò tó, nítorí bí wọ́n bá so wáyà sódì, iná ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní RCD. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń fi ìṣàn tí ó jáde wé èyí tí ó padà. Bí ohun gbogbo bá wà létòlétò, méjèèjì dọ́gba. Bí áńpíà 0.03 bá sọnù láàárín wọn, ó mọ̀ pé iná ti gba ọ̀nà mìíràn lọ sí ilẹ̀, ó sì lè jẹ́ ara ènìyàn ni ó gbà. Yóò já iná náà kí ojú tó ṣẹ́. Fíúùsì kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Fíúùsì áńpíà 13 kò ní mọ̀ pé áńpíà 0.23 ń pa ènìyàn. Gbogbo sókẹ́ẹ̀tì tí ó sún mọ́ omi ìrìbọmi, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ ni ó yẹ kí ó gba inú RCD kọjá, pẹ̀lú wáyà ilẹ̀ tí oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ ti wọ̀n. Bọ́tìnì kan wà lójú RCD tí wọ́n kọ lẹ́tà T sí. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù àti ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìbọmi. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí iná kò já, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú omi títí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀.